Ṣé Iṣẹ́ Ni Kí Ènìyàn Máa Mú Àlejò Kiri Ìlú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ó ti wù kí ojú àlejò mọ́lẹ̀ tó, ẹni tó mọ ilẹ̀ ni yóò fi ọ̀nà hàn án. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ tí mo ní láti bá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ní Jos sọ nínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí.

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò wá iṣẹ́ ìjọba. Ó ní iṣẹ́ amọ̀nà ni òun fẹ́ ṣe, kí òun máa mú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ wo òkè, odò, àti àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ìwọ ni kí o bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ náà ti mú àlejò kiri rí, o mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́. Ṣé torí kí ó lè máa nàka sí òkúta fún àwọn aláfẹ́ ni mo ṣe dúró nídìí ọjà láti ọdún yìí wá?"

Òótọ́ ni pé mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń fi òpin ọ̀sẹ̀ àti ìsinmi mú àlejò kiri fún àwọn tó bá bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Mo lọ bá ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ̀rọ̀, mo rí i pé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń bèèrè kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bèèrè bóyá iṣẹ́ náà lè bọ́ ènìyàn. Ìbéèrè tèmi ni pé: gbèsè wo ni amọ̀nà jẹ àlejò tó tẹ̀lé e, gbèsè wo ni ó sì jẹ onílẹ̀ tí ó ń mú àlejò lọ wò?

Kì í ṣe ìrìn lásán

Ẹni tó bá rò pé ìrìn lásán ni amọ̀nà ń rìn kò tíì ṣe é wò. Ìpínlẹ̀ Plateau kún fún ohun tí ojú ń fẹ́ rí. Àwọn òkúta ńláńlá wà ní Riyom tí wọ́n gun orí ara wọn ní ẹ̀bá títì tó lọ sí Àbújá. Omi Assop ń dà láti orí àpáta ní ojú ọ̀nà yẹn kan náà. Àwọn òkè Shere wà, tí ṣóńṣó wọn ga tó nǹkan bí 1,800 mítà. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jos tí wọ́n ṣí ní 1952 ń bẹ, pẹ̀lú ọgbà àwọn ilé àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti mọ irú odi ìlú Kánò àti mọ́sálásí Zaria, kí ẹni tí kò lè dé gbogbo ibẹ̀ lè fojú rí wọn.

Amọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí omi Assop ń kún, kí ó sì mọ ibi tí òkúta rẹ̀ ti ń yọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wo ẹsẹ̀ àlejò kí ó tó wo ojú rẹ̀: irú bàtà wo ló wọ̀? Ṣé orúnkún rẹ̀ lè gun òkè? Lásìkò ọyẹ́, ó gbọ́dọ̀ rán àwọn ará Èkó létí pé kí wọ́n mú aṣọ òtútù dání. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Haúsá, kí ó mọ bí a ti ń kí àwọn Berom ní èdè wọn, kí ó sì mọ àgbà tí a ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kó èrò wọ abúlé. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ NIHOTOUR fún un, àwọn amọ̀nà káàkiri àgbáyé sì ń ṣe àyájọ́ iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ 21 oṣù kejì lọ́dọọdún.

Ní ti owó, n kò tan ọmọ náà jẹ. Owó ibẹ̀ kì í dúró lójú kan. Oṣù kan lè kún, kí oṣù mẹ́ta gbẹ. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn, ojú àwọn amọ̀nà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rí màbo. Nítorí náà mo sọ fún un pé kí ó ní ohun mìíràn tí yóò máa ṣe mọ́ ọn. Ìyẹn tán lórí ọ̀rọ̀ owó.

Ṣé àjòjì lè ṣe amọ̀nà?

Ọmọ náà wá bi mí ní ìbéèrè kan tó mú mi dákẹ́. Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n á gbà kí ọmọ Ogbomọ̀ṣọ́ máa sọ ìtàn ilẹ̀ Berom?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè yìí. Jos ni wọ́n bí i sí. Jos ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ àti èmi sí. Iṣẹ́ kùsà àti ọ̀nà ojú irin ló gbé àwọn baba wa dé ìhín. Láti 1914 tí ojú irin kékeré ti gba Zaria dé Bukuru ni àwọn ènìyàn wa ti ń tẹ̀lé òwò wá. Síbẹ̀, bí ọmọ yìí bá gba fọ́ọ̀mù lónìí, wọn yóò bi í pé ìpínlẹ̀ wo ni ó ti wá, kò sì ní lè kọ Plateau sí i.

Èrò tèmi ni pé àjòjì lè ṣe amọ̀nà, bí ó bá ń rántí pé ohun olóhun ni òun gbé lọ́wọ́. Ẹni tí a gbé ọmọ fún kì í pe ara rẹ̀ ní ìyá ọmọ. Nígbà tí mo ń ṣe é, bí mo bá mú àlejò dé abúlé, mo máa ń wá àgbàlagbà ibẹ̀ kan tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ilẹ̀ wọn, èmi yóò sì máa túmọ̀. Owó tí mo ń fún bàbá náà ń dín èrè mi kù, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n lè sùn. Ẹ jẹ́ kí a yí i padà sọ́dọ̀ ara wa. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà lára ohun-ìní gbogbo ayé tí UNESCO kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní 2005. Ká ní àjòjì kan dúró síbẹ̀ tí ó ń sọ fún àwọn àlejò pé ère lásán làwọn ará ibí ń bọ, ṣé inú wa yóò dùn? Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí tiwa, kí àwa náà má ṣe é sí tàwọn tó gbà wá lálejò.

Irọ́ tó dùn létí

Ìdánwò tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí ni irọ́. Àlejò ti sanwó, ó sì fẹ́ kí ẹnu ya òun. Amọ̀nà mọ̀ pé bí ẹnu bá ya àlejò, ọwọ́ rẹ̀ yóò tú. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, títí iyọ̀ yóò fi pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan yé yín. Ní 1943, wọ́n hú orí amọ̀ kan jáde níbi iṣẹ́ kùsà nítòsí Jemaa. Akọ̀wé kan níbi iṣẹ́ náà gbé e lọ sí oko iṣu rẹ̀, ó fi ṣe aṣọ́komásùn tó ń lé ẹyẹ, ó sì wà níbẹ̀ tó nǹkan bí ọdún kan. Ọ̀gá ibi ìwakùsà ló rí i tó rà á, tó sì gbé e wá han Bernard Fagg ní Jos. Orí yìí wà lára ohun tó la ojú ayé sí i pé àwọn ènìyàn kan ti ń mọ ère amọ̀ ní agbègbè Nok láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn.

Mo gbọ́ tí amọ̀nà kan ń sọ fún àwọn àlejò nípa irú orí bẹ́ẹ̀ pé orí ọba ni. Ó dárúkọ ọba náà. Ó ka iye ìyàwó rẹ̀. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Nok kò fi ìwé kankan sílẹ̀, kò sì sí ẹ̀dá alààyè tó mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìtàn òtítọ́ dùn ju irọ́ rẹ̀ lọ. Kí ère tó ti wà kí a tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa máa lé ẹyẹ lóko iṣu, kí ni a tún fẹ́ bù mọ́ ọn?

Ẹnìkan lè bi mí pé irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, kí ló burú níbẹ̀? Àlejò rẹ́rìn-ín, amọ̀nà jẹun. Ṣebí àwa náà ń pa àlọ́ ìjàpá fún ọmọ, kò sì sí ẹni tó pè é ní èké. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí apàlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ké pé "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ yóò sì dáhùn pé "Ààlọ̀!" Ìdáhùn yẹn ni àdéhùn. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé ìjàpá kò sọ̀rọ̀ rí. Amọ̀nà kò pe ààlọ́ fún àlejò kankan. Àlejò gbà pé òtítọ́ ni òun ń rà, òun ni wọ́n sì wá gbé irọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló lè gba amọ̀nà lọ́wọ́ ìdánwò yìí: "Wọ́n ní." Ní Àgbádárìgì, ní ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú lọ sétí òkun, kànga kan wà. Wọ́n ní ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé. Amọ̀nà tó bá sọ pé "wọ́n ní" ti sọ òtítọ́, kò sì ba adùn ìtàn náà jẹ́. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tí a tà, tó ti Brazil tàbí Amẹ́ríkà wá wo ibi tí wọ́n ti kó ìyá ńlá rẹ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní títàn. Kódà, ó yẹ kí ó gbọ́ èyí tó korò: pé ọwọ́ àwọn ènìyàn tiwa náà wà nínú òwò yẹn. Ilé oníyàrá ogójì tí wọ́n ń mú àlejò lọ wò níbẹ̀ jẹ́ ti Seriki Williams Abass, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó sì tún wá di oníṣòwò ẹrú.

Ohun tí èmi náà ṣe

Kí ẹ má baà rò pé mo ń fi ìka kan nà sí ẹlòmíràn, n óò sọ tèmi.

Ẹ rántí rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Jos ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2001, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí fi ṣòfò. Ẹ rántí pé ní oṣù kejì 2002, iná jó ọjà ńlá Terminus, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa sì sọ ohun ìní wọn nù. Lásìkò yẹn, ara nọ́ńbà ọkọ̀ ìpínlẹ̀ wa ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé àlàáfíà àti ìrìn-àjò afẹ́ ni wá.

Ní ìparí 2002, mo mú àwọn àlejò mẹ́fà tí wọ́n ti Èkó wá kiri. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ti kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò dẹ́rù bà wọ́n. A kọjá níwájú àwókù ọjà náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ṣe ọjà yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Wọ́n fẹ́ tún un ṣe ni. Kò sí nǹkan kan. Àlàáfíà ni Jos." Kò dá mi lóhùn. A sì lọ wo òkúta Riyom.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a fẹ́ pínyà, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bàbá òun ní ìsọ̀ aṣọ nínú ọjà yẹn. Ó ní lẹ́yìn iná, ara bàbá kò yá mọ́, wọ́n gbé e wá sí Èkó, oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni ó kú. Ó ní òun bá àwọn yòókù wá kí òun lè fojú rí ibi tí bàbá òun ti ṣiṣẹ́ rán òun ní ilé-ìwé. Ó wá ní, "Mo mọ ohun tó ṣe ọjà náà, sà. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀ ni." Ó fún mi lówó ọwọ́ bí àwọn yòókù ti ṣe. N kò lè gbà á.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé kò sí irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára lẹ́nu amọ̀nà, nítorí amọ̀nà kò mọ ẹni tó ń gbọ́ òun. Irọ́ mi kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ṣe ni ó dà bí ẹni pé mo sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé bàbá rẹ̀ kò tajà níbẹ̀ rí. Ohun tí ǹ bá sọ kò sì le. Ǹ bá ní, "Iná jó o ní oṣù kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù níbẹ̀, àwọn ènìyàn tiwa náà wà nínú wọn. Ìlú ń gbìyànjú láti dìde." Kò sí ìbẹ̀rù nínú ìyẹn, kò sì sí irọ́.

Dídákẹ́ yàtọ̀ sí irọ́

Ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kí amọ̀nà máa da gbogbo ohun tó mọ̀ sílẹ̀? Rárá o. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ibi tí àwọn onílẹ̀ bá ní kí àlejò má dé, amọ̀nà kò gbọ́dọ̀ mú un yọ́ gba ẹ̀yìn débẹ̀. Bí a bá dé abúlé, ìyà tó ń jẹ ẹnìkan kì í ṣe ohun tí àlejò yóò máa ya fọ́tò. Ní ti rògbòdìyàn, amọ̀nà lè sọ pé ó ṣẹlẹ̀, kí ó sọ pé ó dun gbogbo wa, kí ó má sì sọ àlejò di adájọ́ lórí ẹni tó kọ́kọ́ ju òkúta. Kálukú ní Jos ló ní ìtàn tirẹ̀, ẹgbò náà kò sì tíì san lára gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ṣeé dákẹ́ lé lórí: ẹ̀mí àlejò. Ní oṣù Kejìlá 2015, kìnnìún kan jáde kúrò nínú àgọ́ rẹ̀ ní ọgbà ẹranko Jos, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì yìnbọn pa á. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni amọ̀nà yóò máa ronú owó tí òun yóò pàdánù. Bí ọ̀nà kò bá dára, kí ó sọ pé kò dára, kí àlejò padà sílé láyọ̀.

Òṣùwọ̀n tí mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí: bí àlejò yìí bá wá mọ òtítọ́ lọ́la, ṣé yóò dúpẹ́ pé mo dákẹ́, àbí yóò ní mo tan òun jẹ? Bí yóò bá dúpẹ́, dákẹ́. Bí yóò bá ní o tan òun jẹ, sọ̀rọ̀.

Owó tó ń gba ẹ̀yìn wá

Nǹkan kan kù tí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Láìpẹ́ láìjìnnà, ẹnìkan yóò yọ́ bi amọ̀nà pé ṣé kò mọ ibi tí a ti lè rí ère Nok rà. Owó tí yóò dárúkọ lè ju ohun tí amọ̀nà rí ní ọdún kan lọ. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gba kí a kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ. Síbẹ̀ àwọn olè kò yéé hú ilẹ̀. Kódà ní oṣù kìíní 1987, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́sàn-án ni wọ́n jí nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jos fúnra rẹ̀. Amọ̀nà tó bá mú olówó dé ọ̀dọ̀ ahúlẹ̀ ti ta ilé tí wọ́n ní kó máa fi han àlejò. Iṣẹ́ rẹ̀ náà ti tán, nítorí kí ni yóò kù tí àwọn tó ń bọ̀ yóò wá wò?

Ọ̀rọ̀ ìkádìí

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó bi mí pé, "Ṣé o wá ní iṣẹ́ ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni, bí ó bá lè sọ òtítọ́ nídìí rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò sí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi í sí tí yóò yẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ ti ìjọba." Ó mí kanlẹ̀. Kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ó ti fún ọmọ náà ní ọdún méjì láti fi gbìyànjú. Ọmọ náà ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì ń mú àlejò kiri ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní fọ́tò àtijọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí ìsọ̀ àwọn baba wa wà, ẹ̀yin tí ẹ rántí orúkọ àwọn aládùúgbò, Berom, Haúsá àti Ìgbò, tí wọ́n gbà wá sílé lọ́jọ́ ogun, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó kí ẹ sọ ọ́ fún wọn bí ó ti rí, ẹ má bu iyọ̀ sí i. Bí a kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn yóò sọ irọ́ dípò rẹ̀. Àlejò yóò wá lọ́jọ́ kan, yóò sì bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbí.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a ṣi àlejò lọ́nà. Kí ó má sì jẹ́ kí àwa náà ṣìnà nílẹ̀ onílẹ̀. Àṣẹ.